Ìtọ̀ Tó Ń Hó Bí Omi Ọṣẹ: Ohun Tí Jíìnì APOL1 Ń Sọ fún Wa nípa Kíndìnrín

Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn ní ìrísí tó dára jù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Lójú ewé yìí, a ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà, a sì ti sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kíndìnrín la gbé wá. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í yé bi àwa tí a ń ta oògùn, tí a sì ń bá wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ọgbà mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n á ní: kí ló dé tí àìsàn kíndìnrín á wọ ilé kan, á mú ẹ̀gbọ́n, á tún mú àbúrò, nígbà tí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fún ara wọn ni a fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ẹ̀gbọ́n bá kú lọ́mọ ogójì ọdún, tí ojú àti ẹsẹ̀ àbúrò náà tún bẹ̀rẹ̀ sí wú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé ìwòsàn nìyẹn. Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú burúkú wo ìyàwó bàbá wọn, tàbí ìyá àgbà kan tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Owó tí wọn ì bá fi ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ yòókù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àwọn lè fi ẹni tó ṣe é hàn ni wọ́n á kó o lọ. Kí wọ́n tó padà sí ilé ìwòsàn, ẹnì kẹta ti ń gbé àìsàn náà kiri láìmọ̀.

Ẹ̀sìn wa kò sọ pé ìlara kò sí, kò sì sọ pé ojú burúkú kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti di ẹ̀sùn ru ẹni tí a kò ní ẹ̀rí lórí rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ nípa ohun kan tó lè mú kí kíndìnrín bàjẹ́ nínú ẹbí kan. Inú ẹ̀jẹ̀ ìran àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gan-an ló wà, a ò sì lè fi sùn ẹnikẹ́ni.

Asẹ́ tó wà nínú ara

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́hun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà. Asẹ́ tíntìntín tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọlé, asẹ́ á sẹ́ ẹ: omi tó pọ̀ jù, iyọ̀ àti ìdọ̀tí á kọjá lọ di ìtọ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti purotéènì tí ara nílò á dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé ọwọ́ asẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Bí asẹ́ bá ya, èèrí á bá ògì lọ. Bí asẹ́ kíndìnrín bá bàjẹ́, purotéènì á bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ ẹlòmíràn fi máa ń hó bí omi ọṣẹ, tí ìhó náà kì í sì í tètè lọ.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í dun ènìyàn. Ènìyàn lè pàdánù ju ìdajì agbára kíndìnrín rẹ̀ lọ kó má mọ̀. Á máa lọ sí ọjà, á máa kí ìrun márààrún, á máa gba ààwẹ̀. Ìgbà tí ojú bá ń wú láàárọ̀, tí bàtà kò gba ẹsẹ̀ mọ́, tí èébì àti àárẹ̀ bá dé, nǹkan ti bàjẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹnì kan fún un ní kíndìnrín kan. Ẹ̀yin náà mọ iye ilé tí wọ́n ti tà nítorí èkínní, ẹ sì mọ bí èkejì ṣe ṣòro tó.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì kí a tó máa lọ. Bí a bá gbọ́ purotéènì, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara náà ń ṣe purotéènì tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tí Ọlọ́hun yàn fún un. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí ara ń tẹ̀lé láti ṣe wọ́n, bí aránṣọ ṣe ń tẹ̀lé ìwọ̀n tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀dà méjì la ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ìwọ̀n inú ìwé bá yí, aṣọ tí aránṣọ máa rán náà á yí.

Bí wọ́n ṣe rí jíìnì náà

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ṣàkíyèsí pé kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Púpọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó fà á, òṣì wà lára rẹ̀, àìtètè rí dókítà náà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tán.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ pé àwọn ti rí àdúgbò tí ọ̀ràn náà wà nínú àkójọ jíìnì ènìyàn. Jíìnì kan tó ń gbé àdúgbò náà, tí wọ́n ń pè ní MYH9, ni wọ́n nawọ́ sí. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú kíndìnrín. Àmọ́ wọ́n wá àyípadà tó lè fa àìsàn náà nínú rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Ní 2010, Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Boston fi hàn pé aládùúgbò MYH9 ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Orúkọ jíìnì aládùúgbò yìí ni APOL1. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Israel náà rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n. Àwọn onímọ̀ náà kọ́kọ́ fura sí ẹni tó dúró nítòsí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹbí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe máa ń fura. Wọn ò fi ìfura ṣe ìdájọ́, wọ́n wá ẹ̀rí títí wọ́n fi rí i.

Àyípadà méjì ni wọ́n rí nínú APOL1, wọ́n sọ ọ̀kan ní G1, wọ́n sọ èkejì ní G2. Ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tó gba àyípadà lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá: yálà G1 méjì, tàbí G2 méjì, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 13 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ní méjì. Lára àwọn tí àkọsílẹ̀ jíìnì wọn ran ìwádìí yìí lọ́wọ́ ni àwọn Yorùbá Ìbàdàn kan tí wọ́n ti fi tinútinú fún àwọn onímọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ àgbáyé lórí jíìnì ènìyàn. Nínú ẹ̀dà APOL1 tí wọ́n kà lára àwọn Yorùbá yìí, nǹkan bí 4 nínú 10 ló jẹ́ G1. Láàárín àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ó ṣòro kí wọ́n tó rí ọ̀kan.

Ìdí tó fi pọ̀ láàárín wa

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé: ṣé wọ́n fi àìsàn jẹ wá níyà ni? Rárá o. Iṣẹ́ rere ni purotéènì APOL1 wà fún.

Ẹ ti gbọ́ nípa àìsàn sunrunsunrun, èyí tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé kiri. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Ìbátan kòkòrò yìí ni kì í jẹ́ kí màlúù àti ẹṣin gbádùn nínú igbó. Eṣinṣin kan náà ń jẹ ènìyàn, kí ló dé tí èyí tó ń pa màlúù kò lè pa wá? Ní ọdún 2003, Etienne Pays àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù rí ìdáhùn: purotéènì APOL1 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni. Kòkòrò náà á gbé e mì, APOL1 á lu ihò sí i nínú, kòkòrò á wú, á sì bẹ́. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́hun ti fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti ìgbà tí a kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ oògùn!

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn kan nínú kòkòrò wọ̀nyí rí ọ̀nà láti borí APOL1. Àwọn ló wá ń fa sunrunsunrun fún ènìyàn. Àwọn tí APOL1 wọn yí sí G1 tàbí G2 wá ní agbára tí àwọn yòókù kò ní. G2 lè dènà irú kòkòrò tó wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Irú tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa sì lè wọ ara ẹni tó ní G1 kó má sọ ọ́ di aláìsàn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ yè, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn sì jogún rẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ AS tí gbogbo wa mọ̀: ẹ̀dà kan ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó le, méjì ló ń di SS.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ asẹ́ kíndìnrín náà máa ń ṣe APOL1 tiwọn. Èyí tó ti yí lè lu ihò sí sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, bó ṣe ń ṣe fún kòkòrò. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ asẹ́ bá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, asẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí jò.

Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó

Ní ọdún 2024, ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwa gan-an, kì í ṣe lórí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin ti Duke University wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Ghana. Nǹkan bí 43 nínú 100 wọn ní ẹ̀dà kan tó yí, nǹkan bí 30 sì ní méjì. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú mọ́sálásí wò ó. Bí ìwọ̀n náà bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí ènìyàn mẹ́wàá bá tò sí sáfù kan, nǹkan bíi méje nínú wọn ló ní ẹ̀dà kan ó kéré tán, mẹ́ta sì ní méjì. Ìwádìí náà tún fi hàn pé ẹni tó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo náà ní ewu díẹ̀ ju ẹni tí kò ní rárá lọ.

A mọ ohun tí àwọn kan á fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń béèrè jẹnotáìpù kí a tó so yìgì, wọ́n á ní kí a máa béèrè APOL1 náà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. SS àti APOL1 kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọmọ tó bá ní SS, àìsàn náà wà lára rẹ̀ láti kékeré. Ní ti APOL1, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ní ẹ̀dà méjì ni kíndìnrín wọn kò ní daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n á fi fi ayé sílẹ̀. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ kún un kí ó tó di àìsàn. Kòkòrò HIV tí wọn kò tọ́jú wà lára ohun tó lè kún un tó burú jù. Bí a bá ní ẹni tó bá ní in kò gbọdọ̀ gbéyàwó, àwa mélòó ló máa ṣẹ́kù?

Ibi tí mímọ̀ rẹ̀ ti wúlò ni àárín àwọn ọmọ ìyá. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀dà méjì, ọmọ bàbá àti ìyá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní àǹfààní 1 nínú 4, ó kéré tán, láti ní méjì bíi tirẹ̀. Nítorí náà, bí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n bá bàjẹ́, àbúrò ló yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko. Ọ̀rọ̀ tún di pàtàkì bí ọmọ ìyá bá fẹ́ fi kíndìnrín rẹ̀ kan tọrẹ. Kíndìnrín tó bá ti ara ẹni tó ní ẹ̀dà méjì wá sábà máa ń tètè bàjẹ́ lára ẹni tí wọ́n fi sí, ó sì yẹ kí a tún ro ti ẹni tó máa ṣẹ́ku pẹ̀lú ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú oore ńlá bẹ́ẹ̀, kó bi àwọn dókítà rẹ̀ bóyá àyẹ̀wò APOL1 wà lára ohun tí wọ́n máa ṣe.

Oògùn tó ń bọ̀, oògùn tó wà nílẹ̀

Ànábì wa kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Àǹfààní rírí jíìnì ni pé ó ń fi ibi tí oògùn yóò ti ṣiṣẹ́ hàn. Bí a bá ti mọ̀ pé ihò tí APOL1 ń lù ni ọ̀ràn, a jẹ́ pé ohun tí yóò dí ihò náà ni kí a wá. Ilé iṣẹ́ Vertex ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀, inaxaplin ni wọ́n ń pè é. Ní 2023, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀dà méjì, tí asẹ́ kíndìnrín wọn sì ti ń jò, ní oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ 13. Purotéènì tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde dínkù tó nǹkan bí ìdajì.

Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rọra. Àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ 13 kò sì tó láti mọ̀ bóyá yóò gba kíndìnrín là fún ọdún pípẹ́. Ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní ibùdókọ̀ tàbí lórí fóònù pé òun ń ta oògùn jíìnì kíndìnrín, ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ó wà. Àwọn oògùn bíi lisinopril, ramipril àti losartan máa ń dín ìfúnpá inú asẹ́ kíndìnrín kù, wọ́n sì ń dín purotéènì inú ìtọ̀ kù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lò wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ ríru láìmọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ kíndìnrín pẹ̀lú. Dapagliflozin àti empagliflozin, tí a kọ́kọ́ mọ̀ fún ìtọ̀ ṣúgà, náà ti wà lára oògùn kíndìnrín báyìí. Dókítà ló ń yan èyí tó yẹ, ó sì yẹ kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí lo lisinopril tàbí losartan. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo àwọn mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n lè pa ọmọ inú lára. Obìnrin tó ń lò wọ́n tó bá ti rí i pé òun lóyún, kó tètè sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà kò sì nílò àyẹ̀wò jíìnì kankan kí ó tó kọ wọ́n fún ẹni tó yẹ kó lò wọ́n.

Ohun tí a lè ṣe báyìí

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àyẹ̀wò APOL1 kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá asẹ́ ti ń jò kò wọ́n, ó sì wà káàkiri. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń rì bọ ìtọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ á yí bí purotéènì bá wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí:

Èkínní, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí kòkòrò HIV, àti ẹni tí kíndìnrín pa ẹbí rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹbí rẹ̀, kó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Kó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí òun ló ń fi agbára kíndìnrín hàn.

Èkejì, ìtọ̀ àárọ̀ ló dára jù. Ẹ ṣe ìmọ́tótó ojú ara pẹ̀lú omi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe kọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù, kí ẹ wá gba ti àárín sínú ìgò mímọ́. Kí àwọn obìnrin dúró dìgbà tí wọ́n bá parí nǹkan oṣù. Ibà tàbí iṣẹ́ àṣelàágùn lè mú kí purotéènì hàn fún ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, bí pépà bá yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dákú, ẹ tún un ṣe. Bó bá ń yí títí di oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ẹ̀kẹta, diclofenac, ibuprofen àti piroxicam kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ fún orúnkún tàbí ẹ̀yìn dídùn ń fi kíndìnrín san owó ìtura náà. Ó tún burú jù bí ènìyàn bá ń lò wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dé ilé oògùn, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan àgbo àti agúnmu. Àwọn ewé àti egbò kan ń ba kíndìnrín jẹ́, a kò sì lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú ìgò tí a kò mọ ẹni tó sè é.

Ẹ̀kẹrin, ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn kan, ara ń fà á mu, ó sì ń ba asẹ́ kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ti ń bóra tí ojú rẹ̀ wá ń wú láàárọ̀, kó fi ìpara náà sílẹ̀, kó mú un dání lọ fi han dókítà.

Ẹ̀karùn-ún, bí àyẹ̀wò bá sọ pé ẹnì kan ní kòkòrò HIV, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ kíákíá, kó má fi ọjọ́ kan fò. Oògùn náà ń gba kíndìnrín là pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀

Àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín máa ń bi wá bóyá wọ́n lè gba ààwẹ̀ Ramadan. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súúrà Bákárà, ẹsẹ 185, láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè san án padà láé, kó bi àáfà rẹ̀ nípa fífún aláìní lóúnjẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rò pé òun ń ṣe ojo nínú ẹ̀sìn bí òun bá gba ìyọ̀ǹda tí Ọlọ́hun fún òun.

Ẹ lọ rí dókítà yín ní oṣù Sha'ban, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Àwọn kan wà tí dókítà á gbà láyè, àwọn kan wà tí yóò ní kí wọ́n má dán an wò, nítorí àìmumi látàárọ̀ dalẹ́ lè fa ìpalára tí kò ní ṣeé túnṣe fún kíndìnrín wọn. Ẹni tí dókítà bá gbà láyè, kó bi í bí yóò ṣe pín oògùn rẹ̀ láàárín sàárì àti ìṣínu, àti iye omi tó yẹ kó mu. Kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, fún àwọn olórí ẹbí. Bí kíndìnrín bá ti mú ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jọ lọ́sẹ̀ yìí, kí gbogbo wọn lọ yẹ ìtọ̀ wọn wò. Ẹni tí ẹ bá sì ti fi ojú burúkú wò nítorí ikú tó wáyé, tí ẹ kò ní ẹ̀rí kankan lórí rẹ̀, ẹ lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí àìsàn kò ní tẹ̀lé. Kí Ó foríji àwọn tí wọ́n ti lọ, kí Ó sì ṣọ́ àwọn tó kù. Àmín.